Kẹ̀kẹ́ Tòkunbọ̀ Nínú Ìlú Ńlá: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Kí Ó Mú Ìlera Wá, Kí Ó Má Baà Mú Ìpalára Wá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ní ìgbà kan rí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ akọ̀wé àti ọkọ̀ àgbẹ̀ oníkòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí mọ́tò àti alùpùpù pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo kẹ̀kẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣeré ọmọdé, tàbí ohun tí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ń gùn. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Apápá. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí 500 náírà, owó ọkọ̀ sì gbéra sókè. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ṣírò owó tí wọ́n ń ná lójúmọ́, tí ojú wọn sì tún ń padà sọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ tuntun tí ó dára kò wọ́pọ̀, owó rẹ̀ sì ga. Nítorí náà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà: kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará òkè òkun ti lò, tí wọ́n kó sínú kọ̀ǹtéínà, tí ó sì gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ẹni tí ó bá rà á lówó pọ́ọ́kú lè rò pé òun ti ra ìlera. Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ gígùn ń ṣe ara lóore púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni oore náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò lè dúró nígbà tí a bá ní kó dúró kì í ṣe ọkọ̀ ìlera, bí ọ̀dà ara rẹ̀ ti wù kó máa dán tó. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ òní fi wà fún ẹni tí ń rà, ẹni tí ń gùn, ẹni tí ń tún un ṣe àti ẹni tí ń tà á.

Oore tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe fún ara

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé a kò ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú 15 gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó fi ìṣẹ́jú 15 gùn ún padà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ti pé ìṣẹ́jú 150 láìjẹ́ pé ó wá àyè mìíràn fún un. Irú ìdárayá báyìí ń ran ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́, ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó sì ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún dídènà àrùn àtọ̀gbẹ.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Glasgow gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí à ń pè ní BMJ. Wọ́n tẹ̀lé ènìyàn tí ó lé ní 263,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Wọ́n rí i pé, láàrin àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ewu ikú fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ń wọ mọ́tò tàbí ọkọ̀ èrò. Ewu àrùn ọkàn àti ti àrùn jẹjẹrẹ náà kéré jọjọ. Ìwádìí irú èyí kò lè fi hàn pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà, nítorí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ lè ní àwọn ìwà ìlera mìíràn pẹ̀lú. Síbẹ̀, ó bá ohun tí a ti mọ̀ nípa ìdárayá mu. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ Lágbàáyé.

Ẹni tí àyà máa ń dùn, ẹni tí òòyì máa ń kọ́, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì rí ìtọ́jú, tàbí ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà kúkúrú, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí ń gun alùpùpù. Kò sí irin tí ó bo ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ bí ó ti bo ẹni tó wà nínú mọ́tò. A kò lè yí gbogbo títì padà lóòjọ́, ṣùgbọ́n ipò tí kẹ̀kẹ́ wà kí ó tó dé títì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo egungun kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ti lè wà níta nínú òjò àti òtútù fún ọdún púpọ̀ kí olówó rẹ̀ tó gbé e jù nù. Wọ́n ti tò ó jọ gègèrè sínú kọ̀ǹtéínà, omiíràn wọ́, omiíràn tẹ̀. Rọ́bà máa ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Irin máa ń dípẹtà láti inú wá. Síbẹ̀, ohun tí àwọn kan kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì gbé e síta. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀dà tuntun lórí férémù tí ó ti ya ń bo àrùn mọ́lẹ̀ ni, kò wò ó sàn.

Férémù ni egungun kẹ̀kẹ́. Ẹ fi aṣọ nu ún mọ́, kí ẹ sì yẹ gbogbo oríkèé rẹ̀ wò, pàápàá ibi tí irin ìsàlẹ̀ ti pàdé irin iwájú, àti ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú férémù. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tàbí ibi tí ọ̀dà ti rún jọ bí aṣọ, ó ṣeé ṣe kí irin abẹ́ rẹ̀ ti ya tàbí kí ó ti ká. Ẹ má ṣe ra irú rẹ̀ fún gígùn. Bí férémù náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kì í ṣe ohun tí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lè jó pọ̀ kí ó sì padà sí bí ó ti wà. Ẹ dúró sí iwájú kẹ̀kẹ́, kí ẹ wò ó bóyá wíìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan náà. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ yí wíìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, ẹ di àwọn sípóòkù mú ní méjì méjì kí ẹ mọ èyí tí ó ti dẹ̀ tàbí tí ó ti já.

Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ wo abẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà férémù sí. Bí ẹnìkan bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Ó lè jẹ́ ẹrù olè.

Bíréèkì ni ẹ̀mí

Yorùbá ní òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń sáré gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dúró. Kẹ̀kẹ́ tí ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń rin ohun tí ó lé ní mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọdé bá sáré jáde láti ẹ̀yìn dáńfó, a ó ti rin mítà márùn-ún náà kí ọwọ́ wa tó fa bíréèkì rárá. Bíréèkì tí kò mú dáadáa yóò tún fi mítà mìíràn kún un.

Ẹ fa ọwọ́ bíréèkì kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Ó gbọ́dọ̀ mú wíìlì kí ó tó kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ìka méjì sì lè wọ àárín wọn. Bí ó bá kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wáyà ti dẹ̀ tàbí rọ́bà bíréèkì ti jẹ tán. Wáyà tí ọ̀kan nínú àwọn okùn rẹ̀ bá ti já, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ìgbà tí a bá fà á tagbára nítorí ewu ni èyí tó kù máa ń já. Rọ́bà bíréèkì ní ilà tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Nígbà tí ilà náà bá ti parẹ́, tàbí tí rọ́bà náà bá ti le bí òkúta nítorí ọjọ́ orí, ẹ yọ ọ́. Rọ́bà gbọ́dọ̀ kan ara rímù nìkan. Bí ó bá kan táyà, yóò gé e. Bí ó bá jẹ́ bíréèkì oníjáǹtẹ́ pẹlẹbẹ ni, kí ọ́ìlì má ṣe kàn án rárá.

Ẹ mú òòfà kékeré kan dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi kan rímù. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni rímù náà. Rímù irin tí ń dán kì í jẹ́ kí rọ́bà bíréèkì mú dáadáa bí òjò bá pa á, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju kékeré lọ. Rímù alumíníọ̀mù sàn fún ìlú tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ẹni tí ó bá ní rímù irin, kí ó dín eré kù gidigidi nígbà òjò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa tòkunbọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba apá òsì, sábà máa ń ní bíréèkì iwájú ní ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn máa ń ní i ní ọwọ́ òsì. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹtéínà kan náà ni oríṣi kẹ̀kẹ́ méjèèjì ti ń bọ̀. Bíréèkì iwájú ni ó lágbára jù, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, ìwúwo ara wa máa ń lọ síwájú. Ẹni tí ó rò pé bíréèkì ẹ̀yìn ni òun fà, tí ó sì fa ti iwájú lójijì, lè gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò ṣubú. Nítorí náà, kí ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yan ìlànà kan, kí ó to wáyà gbogbo kẹ̀kẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bákan náà, kí ó sì sọ ọ́ fún oníbàárà.

Àwọn kẹ̀kẹ́ kan láti Nẹ́dálándì kò ní bíréèkì ọwọ́ rárá. Bí a bá fi ẹsẹ̀ wa pẹ́dà sẹ́yìn ni wọ́n ń dúró. Bíréèkì náà lágbára láti pẹ́, ṣùgbọ́n bí ṣéènì bá bọ́, kò sí bíréèkì mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi bíréèkì ọwọ́ sí iwájú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọ ìgboro.

Táyà: ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tí à ń rí jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú igbó, tí táyà wọn ní kókó ńláńlá. Lórí ọ̀dà, kókó wọ̀nyí ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń pariwo, wọn kì í sì í di títì mú dáadáa bí a bá ń yà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yí padà nìyí. Ẹ fi táyà tí ara rẹ̀ tẹ́jú, tí ìbú rẹ̀ tó 1.5 sí 2 íǹṣì, rọ́pò rẹ̀. Ìbú náà ṣe pàtàkì ní ìlú wa, nítorí pé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń há sínú ihò gọ́tà onírin.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà 26 tàbí 28 nìkan. Táyà tí a kọ 26 x 1.95 sí àti èyí tí a kọ 26 x 1⅜ sí kò lè wọ rímù kan náà. Ẹ wá nọ́ńbà mìíràn lára táyà, irú bíi 50-559 tàbí 37-590. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà, èkejì sì ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti ń jókòó lára rímù, méjèèjì ní mìlímítà. Èkejì yìí gbọ́dọ̀ bá ti rímù mu géérégé. Bákan náà ni àwọn kẹ̀kẹ́ oní 28: omiíràn jẹ́ 622, omiíràn jẹ́ 635. Táyà tí a fi tipátipá wọ̀ ọ́ lè bọ́ lójijì nígbà tí a bá ń yà.

Táyà tí ara rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti gbó, bí kókó rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ga. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kó wà nínú rẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ má ṣe ju èyí tí ó ga jù níbẹ̀ lọ, kí ó má sì kéré sí èyí tí ó kéré jù.

Ṣéènì, gíà àti pẹ́dà

Ẹni tí ó dìde dúró lórí pẹ́dà láti sáré kọjá oríta, tí ṣéènì rẹ̀ sì yọ̀ lórí eyín, lè ṣubú síwájú mọ́tò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlera ni ọ̀rọ̀ ṣéènì jẹ́. Rúlà lásán tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Láti pín-ìn kan sí èkejì jẹ́ ìdajì íǹṣì, nítorí náà àlàfo 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ 12 íǹṣì géérégé. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú 16 íǹṣì lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú 8 lé, ó ṣeé ṣe kí ó ti ba eyín fíríwíìlì jẹ́, kí a sì ní láti pààrọ̀ méjèèjì.

Gíà púpọ̀ wúlò ní ìlú olókè, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bàjẹ́ máa ń sọ ṣéènì nù, kì í sì í rọrùn láti rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó mọṣẹ́ lè yọ gíà kúrò, kí wọ́n sì sọ kẹ̀kẹ́ di oníyàrá kan tí kì í yọ ni lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ wo ihò tí irin àárín wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀. Bí ihò náà bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, a lè fa wíìlì sẹ́yìn kí ṣéènì le dáadáa. Bí ó bá dúró ṣánṣán, ṣéènì yóò dẹ̀, a sì nílò ohun tí yóò máa fà á le. Apá gíà ẹ̀yìn àtijọ́ lè ṣe iṣẹ́ náà bí a bá dè é sójú kan. Fún Èkó tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, eyín 32 ní iwájú pẹ̀lú 16 ní ẹ̀yìn yóò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Fún Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ó kún fún òkè, ẹ fi 18 tàbí 20 sí ẹ̀yìn, kí orúnkún má baà jìyà.

Ní ti pẹ́dà, ẹ rántí pé ti òsì máa ń yí lódì sí ti ọ̀tún. Ẹni tí ó bá fi agbára wé ti òsì bí wọ́n ti ń wé ti ọ̀tún yóò ba ojú ihò rẹ̀ jẹ́, pẹ́dà náà yóò sì bọ́ lọ́jọ́ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kí kẹ̀kẹ́ bá ara ẹni tí yóò gùn ún mu

Orúnkún dídùn, ẹ̀yìn dídùn àti ọwọ́ tí ń kú tipiri kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọjọ́ orí. Ìjókòó tí kò bá ara mu ló sábà máa ń fà wọ́n. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán. Nígbà tí ẹ bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí a ti ń gùn ún, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí iwájú orúnkún dun ni. Èyí tí ó ga jù máa ń jẹ́ kí ìbàdí máa jù sọ́tùn-ún sósì. Bí ọwọ́ bá ń kú tipiri, ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fa irin rẹ̀ tàbí ti ìjókòó kọjá ilà àmì tí wọ́n fà sí i lára.

Aṣọ wa náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ìró, agbádá àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ lè wọ inú ṣéènì tàbí sípóòkù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìbòrí sí ṣéènì, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ra. Kẹ̀kẹ́ tí irin òkè rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ ni ó rọrùn jù fún obìnrin tó wọ ìró tàbí síkẹ́ẹ̀tì, àti fún àgbàlagbà tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè púpọ̀.

Kí kẹ̀kẹ́ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó ní aago, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, gíláàsì pupa tí ń dán bí iná ọkọ̀ bá kàn án, mọ́gáàdì tí ń dí ẹrẹ̀, àti káríà. Ẹrù orí káríà sàn ju ẹrù tí a so kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ, nítorí ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa ń dí ìyípadà lọ́wọ́. Àṣíborí máa ń dín ọgbẹ́ orí kù gidigidi bí a bá ṣubú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti gba ìṣubú kan tàbí tí ó ti sán kò wúlò mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra àṣíborí tòkunbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ìtọ́jú tí kò ná ni lówó púpọ̀

Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ táyà wò, ẹ fa bíréèkì méjèèjì, ẹ sì wò ó bóyá nọ́ọ̀tì wíìlì le. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pọ́ọ̀ǹpù fẹ́ táyà, ẹ fi àkísà nu ṣéènì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tún nu èyí tó kù sí òde rẹ̀ kúrò, nítorí pé ọ́ìlì àpọ̀jù ń kó iyanrìn jọ. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, kí ẹ sì wo rọ́bà bíréèkì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tú àárín wíìlì, kí ó fọ àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, kí ó sì fi gírísì tuntun sí i. Nígbà òjò, ẹ nu kẹ̀kẹ́ gbẹ kí ẹ tó gbé e sílé. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá ṣéènì, ẹ máa nù ún lemọ́lemọ́.

Ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ń tún un ṣe àti ẹni tí ń tà á

Ìlera ẹni tí ń ṣiṣẹ́ yìí náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń fi epo bẹntiróòlù fọ ṣéènì. Òórùn rẹ̀ ń ba orí àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó ń bó awọ ara, iná sì máa ń yára ràn mọ́ ọn. Ẹ lo kẹrosíìnì tàbí omi ọṣẹ, ní ìta gbangba, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì ṣe é nítòsí iná tàbí ẹni tí ń mu sìgá. Ẹ wọ awò ojú nígbà tí ẹ bá ń lọ irin, kí ẹ sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Nípa owó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ lásán. Ká ní a ra kẹ̀kẹ́ kan ní 40,000 náírà, a sì fi 5,000 gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Táyà àti túùbù gba 18,000, wáyà àti rọ́bà bíréèkì gba 7,000, ṣéènì gba 6,000, gírísì àti ohun kéékèèké gba 2,000, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan sì jẹ́ 7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85,000 náírà. Ẹni tí ó bá tà á ní 80,000 ti pàdánù. Ẹni tí kò bá sì ṣírò kó tó rà á ni ọkàn rẹ̀ máa ń sọ fún un pé kí ó fo bíréèkì, nítorí pé oníbàárà kì í tètè rí i. Owó 7,000 tí a fi pamọ́ níbẹ̀ lè di egungun tí ó dá. Ìṣirò tó yẹ kí a ṣe ni pé kí a yọ iye àtúnṣe kúrò nínú iye tí a lè tà á, kí a tó mọ iye tí ó yẹ kí a rà á. Bí kẹ̀kẹ́ kan kò bá lè gba àtúnṣe náà kó sì lérè, ẹ tú u, kí ẹ ta ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ó dára.

Bí oníbàárà bá fẹ́ èyí tí a kò tíì tún ṣe, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un ketekete, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Kí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà férémù, ọjọ́ tí a tà á, ohun tí a pààrọ̀ àti èyí tí a kò pààrọ̀. Kí ẹ̀yin náà sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún yín, nítorí òfin kò fojú rere wo ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè. Ẹ ní kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé wáyà tuntun máa ń nà díẹ̀, sípóòkù sì lè dẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ṣe èyí fún yóò mú ará ilé rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ń rà, ẹ má ṣe tijú láti béèrè. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, èwo ni bíréèkì iwájú? Ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n gùn ún díẹ̀ níbi tí mọ́tò kò sí.” Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá bínú ti dá yín lóhùn.

Àtúnṣe kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ sí ìtọ́jú ara: ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Kẹ̀kẹ́ tí ẹnìkan lò tì ní òkè òkun lè gbé òṣìṣẹ́ wa lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó sì mú kí ọkàn rẹ̀ lágbára sí i, bí ẹni tí ó tún un ṣe bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ tirẹ̀ ni yóò gùn ún. Kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ yín jáde lọ́la, ẹ fa bíréèkì méjèèjì wò.